Ohun Tí Mo Kà fún Mummy

Nasrullah àbúrò mi,

Gbogbo wa ní Peckham ń kí ọ, pàápàá Àmírà ọmọ mi, tó ń pè ọ́ ní Uncle Tíátà. Ṣé òtútù Slovenia kò mú ọ jù? Orúnkún Mummy ti fúyẹ́ díẹ̀, council sì ti tún bọ́ílà tó ń mú ilé wa gbóná ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mummy rí fọ́tò rẹ nínú ìwé ìròyìn Ljubljana, wọ́n ní kí n fi fóònù túmọ̀ ohun tó wà níbẹ̀, kí n kà á fún àwọn. Ọkùnrin tó kọ ọ́ yin eré yín, ó yin olùdarí, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ dúró lórí ìtàgé bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ní ó kọ ọ́ pé o dúró bí ọba.

Láti ìgbà náà, Mummy kì í kírun tán kí wọ́n má ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn fún ọkùnrin yẹn. Èmi náà á ṣe àmín, ojú á gbà mí tì. Lánàá, Mummy ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá wo eré náà.

Mú aṣọ òtútù lọ pàdé wọn. Ọlọ́hun ò ní dójú tì wá. Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, tó bá di Sátidé, dúró bí ọba.

Hameedah, ẹ̀gbọ́n rẹ.