Ìyá Mi, Wá Bá Mi Já Tòmátò Mi

Ìyá mi àtàtà, ọmọ tí mo bí tó wá dà bí ẹni tó bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ọkàn balẹ̀, ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò tíì fi ìbínú pa ara rẹ̀? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ lójú títì, yóò máa ṣọ́ ọ nínú ilé, ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ní kí o má sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun, àyàfi tó bá jẹ́ ọmọ jòjòló. Àwa tí a wà nílé, a ò kú, a ò sì tíì gbọ́n.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n má sọ fún ọ pé òun ń retí rẹ, nítorí òun kò retí ẹnikẹ́ni. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ló ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé, mo sì bi í pé ta ló dọ̀tí rẹ̀, ó ní eruku ni. Mo ní eruku ilé yìí mà fẹ́ràn yàrá kan ju àwọn yòókù lọ o. Ó fi omi ọṣẹ wọ́n mi.

Ìròyìn tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé èmi bàbá rẹ ti padà sí ilé ìwé. Jọ̀ọ́, má tíì rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ilé ìwé girama tí ìwọ náà ti jáde ti darúgbó, páànù rẹ̀ ń jò, àwọn ọmọ inú rẹ̀ sì ń dín kù bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Ọ̀gá ilé ìwé wá kéde pé kíláàsì iṣẹ́ àgbẹ̀ kò lérò mọ́, pé àgbàlagbà tó bá fẹ́ lè wá bá àwọn ọmọ kọ́ ọ lọ́sàn-án, kó sì wọ ẹgbẹ́ tó bá wù ú. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ránṣọ, tí ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, mo ní ihò tí wọ́n ń gbin nǹkan sí kò lè kéré tó ti abẹ́rẹ́, mo bá lọ.

Ẹgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀ bí eṣinṣin. Ẹgbẹ́ eléré ní kí n wá ṣe ọba, mo ní ìyàwó ni mo fẹ́ ṣe, wọ́n lé mi jáde. Ẹgbẹ́ oníjiyàn gbà mí ní tiwọn, wọ́n sì ní kí n sọ̀rọ̀ pé ìlú ńlá sàn ju abúlé lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ ni mo gbé kalẹ̀ fún wọn. Mo sọ pé iná kì í kú lọ́dọ̀ rẹ, mo sọ bí omi ṣe ń jáde nínú ògiri láìjẹ́ pé ẹnì kan lọ pọn ọ́n, mo sọ pé ẹni tó bá lọ kò jẹ̀bi rárá. Mo sọ ọ́ títí ọmọ tí à ń bá jiyàn fi ní òun náà ń lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní mo borí. Mo padà lọ jókòó, n kò sì mọ ohun tí mo jẹ tí ẹnu mi fi korò bẹ́ẹ̀. N ò débẹ̀ mọ́.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni mo wá dúró sí. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa kò dàgbà tó ọ, àwọn ọmọ ń pè é ní Àǹtí Ọkọ́, torí ọkọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ni fóònù rẹ̀. Bí ewé bá ń ṣàìsàn, yóò ya fọ́tò rẹ̀, fóònù yóò sì sọ ohun tó ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan tó gbé e kalẹ̀, mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo gbé orúnkún mi síwájú rẹ̀. Fóònù ní òun kò rí ewé, kí n sún mọ́ òun. Mo sún mọ́ ọn. Ó ní ó jọ èèpo igi. Àǹtí Ọkọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi kò bínú, kò sí dókítà tó mọ gbogbo nǹkan tán, ṣùgbọ́n bí tìrẹ bá jẹ́ dókítà ènìyàn, bá mi bi í léèrè.

Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa nílẹ̀ díẹ̀. Mo fi téèpù ìránṣọ wọn àárín àwọn tòmátò mi bí ẹni wọn èjìká, kò sí èyí tó wọ́. Àǹtí Ọkọ́ wá ní kí á gé àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò. Háà, ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún télọ̀! Gbogbo ohun tó bá ti yọ jáde lára aṣọ, òwú ni lójú tèmi. Mo fa àlùmọ́gàjí yọ, mo gé, mo gé, mo gé dórí òdòdó. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ọgbà mi ti mọ́ bí ẹ̀wù ọkọ ìyàwó. Òdòdó kan ṣoṣo ló kù, tó sá pamọ́ sábẹ́ ewé. Ọmọbìnrin náà káwọ́ lérí. Òdòdó yẹn ti wá di èso báyìí, ó sì ti ń pọ́n lápá kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Lẹ́yìn tí o ti lọ ni wọ́n sọ ọ́ di àṣà pé lọ́jọ́ àfihàn oko, akẹ́kọ̀ọ́ kì í já èso àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, òbí rẹ̀ ni yóò bá a já a lójú gbogbo ayé. Àǹtí Ọkọ́ bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé òbí wa ńkọ́. Ó kàn mí, àwọn ọmọ ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní ìyá mi wà ní ìlú ńlá. Ìwọ ni mo ní lọ́kàn o, ṣebí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ lé mi lọ́wọ́ tí mo rí iwájú orí ìyá mi lára rẹ ni mo ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ya ọmọbìnrin náà. Ó ní ṣé màmá ṣì lè rìn. Mo ní wọ́n ń fi bàtà gogoro gun àtẹ̀gùn. Ó ní eyín wọn ńkọ́. Mo ní kò tíì sí èyí tó yọ. Ó yẹ kí n ti sọ òtítọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, bí ẹ̀fẹ̀ bá ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, kì í padà.

Ọ̀rọ̀ wá kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà kan àga onítìmùtìmù fún màmá àgbà. Àwọn méjì ń kọ́ bí wọn yóò ṣe di màmá lápá mú. Ẹgbẹ́ akọrin ń kọ orin jẹ́jẹ́, kó má bàa já wọn láyà. Ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ìyá tó pẹ́ láyé, ìbùkún ni. Mo ní àmín. Kí ni n bá tún sọ?

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá Àǹtí Ọkọ́, mo ní ọmọ mi ni mo ń wí, pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo rò pé yóò jágbe mọ́ mi. Kò jágbe. Ó wò mí títí, ó ní bàbá, ṣé wọ́n á wá? Mo gbé garawa, mo lọ bomi rin tòmátò mi.

Ìyá rẹ ní òun yóò bá mi jókòó sórí àga náà. Mo ní rárá o, ìyàwó tó bá di ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án, yóò na ọmọ náà lálẹ́.

Àǹtí Ọkọ́ rò pé nítorí omi kànga tó wà nítòsí ni mo ṣe mú ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá títì. Kì í ṣe omi. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí gbogbo ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo lè bomi rin tòmátò kan yẹn láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi mú, torí ọkọ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé, àwọn tó bá sì sọ̀ kalẹ̀ tí kì í ṣe ìwọ, mo máa ń kà wọ́n sí ẹni tó ṣìnà.

Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí ni àfihàn náà. Tòmátò kò mọ̀ pé o níṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń pọ́n tirẹ̀ lọ ni. Bí o kò bá wá, n kò ní já a, n kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn já a.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Mo fẹ́ owó o, má rò pé mo gbàgbé. Bàtà tí mo fi ń lọ sóko ti la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ìyá rẹ náà sì ń fẹ́ epo ìpara. Ṣùgbọ́n má fi í sínú fóònù lọ́tẹ̀ yìí. Owó inú fóònù máa ń tètè dé lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará bánkì máa ń já díẹ̀ jẹ nínú rẹ̀ nítorí àárẹ̀ ọ̀nà, ṣùgbọ́n tó bá dé, yóò kàn dún pín lẹ́ẹ̀kan ni. Kì í jókòó. Kì í jẹun. Kì í ní bàbá, ṣé ẹ sùn dáadáa. Fi owó náà sínú àpò, kí o fi àpò náà kọ́ èjìká, kí o sì gbé èjìká náà wá. Bí owó bá wá tán sórí ọkọ̀ kí o tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò burú, ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ nìyẹn.

Ọ̀nà yóò là fún ọ ní àlọ, yóò là fún ọ ní àbọ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣìnà ilé.

Èmi ni bàbá rẹ, ọmọ rẹ tó ti hu irun funfun.