Ẹ Má Yọ Àmì Ẹja Kúrò Lára Ọ̀bẹ Yín

Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
Quezon City.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá, 1986.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí Ìyá tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo bẹ Ọlọ́run kí èéfín iná àgbẹ̀dẹ má ṣe dà yín láàmú lójú mọ́, kí ẹ̀yìn tó ń dun Ìyá sì ti fúyẹ́. Ara èmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí lẹ́tà tí mo kọ lọ́jọ́ Ajé bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe ohun tí mo sọ nínú rẹ̀. Bí Ọ̀gbẹ́ni Arevalo oníṣòwò bá dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí Ìyá ka èyí tán.

Ẹ ò lè gbàgbé iṣẹ́ tí ẹ rán mi. Ẹ di ọ̀bẹ méjì sínú ìwé ìròyìn fún mi: ọ̀kan jẹ́ tiyín, ìkejì sì ni èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Arevalo mú wá, ọ̀bẹ ogun tí wọ́n kọ orúkọ Ramil Bagwis, òṣèré sinimá, sí lára. Ẹ ní ó fẹ́ kí ẹ máa rọ irú rẹ̀ fún òun, ṣùgbọ́n orúkọ Bagwis ni yóò wà níbi tí àmì ẹja Bàbá àgbà máa ń wà. Ẹ wá sọ fún mi ní ibùdókọ̀ pé, "Perlita, ìwọ lò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa irin. Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí irin tiwọn bá dára ju tèmi lọ lóòótọ́, màá yọ ẹja mi kúrò, kò ní dùn mí. Bí kò bá dára tó o, kí wọ́n máa gbé orúkọ wọn lọ." Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ìwé gíga, ohun kan ṣoṣo tí ẹ bi mí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo kó wọn lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń fi ẹnu ṣóńṣó tẹ irin, tó sì ń sọ bí irin náà ṣe le tó. Mo rò pé èmi nìkan ni màá wà níbẹ̀, àṣé àwọn ẹgbẹ́ mi ti dé. Bí wọ́n ṣe rí ọ̀bẹ Bagwis, ariwo ta. Conrado, ẹni tó máa ń gba máàkì jù wá lọ, já a gbà lọ́wọ́ mi: "Ẹ wo eyín ayùn lẹ́yìn rẹ̀! Ẹ wo kọ́ńpáàsì lórí èèkù! Ẹgbẹ̀rún péso ni wọ́n ń tà á lọ́jà Cubao, ẹ̀yin èèyàn!" Ó wá fi ìka méjì gbé tiyín. "Èyí ńkọ́? Sípíríǹgì jíípù akérò àlòkù ni. Ẹ gbé e sétí, ẹ máa gbọ́ tó ń pe èrò Quiapo!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, "Ta ló rọ ọ́?" Bàbá mi, mo ní mi ò mọ̀. Mo ní mo rà á lẹ́bàá ọ̀nà ní Batangas ni.

Ẹnu ọ̀bẹ dà gẹ̀rẹ̀, kò jókòó dáadáa lábẹ́ ẹ̀rọ, nítorí náà apá ẹ̀yìn wọn ni mo gbé síbẹ̀. Tiwọn jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Tiyín jẹ́ mọ́kànlélógójì, ìyẹn ni pé ó rọ̀ ju tiwọn lọ. Conrado ní, "Ọ̀bẹ bọ́tà nìyí o! Perlita, ṣé ẹ̀fọ́ kángkóng lo fẹ́ fi gé ni?" Èmi fúnra mi ni mo dá a lóhùn pé, "Kángkóng gan-an, kó sì jẹ́ èyí tí wọ́n ti sè." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ó dùn mọ́ mi, nítorí láti oṣù Kẹfà tí mo ti dé ibí, kò tíì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi rí. Lọ́jọ́ Ajé, mo kọ̀wé sí yín pé irin tiwọn ló dára jù, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ wọn sí i.

Lánàá, Mang Usting, bàbá arúgbó tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ, bá ọ̀bẹ méjèèjì lórí tábìlì mi. Tiyín ló gbé. Ó fi kan etí irin pẹ̀ẹ́, ó sì dẹtí sí i, bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń ṣe. Ó bi mí pé, "Ibo lo ti tẹ̀ ẹ́?" Mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án. Ó ní, "Ẹ̀yìn kẹ̀? Ọmọ mi, ṣé ẹ̀yìn ọ̀bẹ lẹ fi ń gé nǹkan nílé yín ni?" Ó mú fáìlì onírin tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, ó fi fa ẹnu ọ̀bẹ yín. Fáìlì náà kò rí i jẹ, ó yọ̀ bí ẹni pé orí gíláàsì ló wà. Ó fà á lẹ́nu ti Bagwis, ó jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó rọ èyí, ẹnu nìkan ló rì bọ omi. Ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹ̀yìn rọ̀, kó lè tẹ̀ láì kán. Wo ìlà tó dà bí kùrukùru yìí, ibi tí omi dé nìyẹn." Bàbá, láti kékeré ni mo ti ń rí ìlà yẹn. Mo rò pé èéfín ni. Mi ò bi yín rí.

Ó fi ọ̀bẹ méjèèjì kan òkúta ìpọ́nrin tó ń yí. Iná tó ta lára tiwọn pupa, ó sì kúrú. Tiyín ta iná funfun tó ń yọ ẹ̀ka bí òdòdó. Ó ní irin tiwọn kì í ṣe irinkírin, irin tí kì í dípẹtà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ ìjẹun. Lẹ́yìn náà ó yí ìdérí èèkù ọ̀bẹ Bagwis. Ìwọ̀ ẹja, ìṣáná àti òwú dà sílẹ̀. Nígbà tí mo yọjú wo inú ihò náà, irin tó wọ inú èèkù kò gùn tó àtàǹpàkò mi, nọ́ọ̀tì kan ló sì dì í mú. Mang Usting ní, "Ẹni tó bá fi èyí jà, èèkù ló máa kù lọ́wọ́ ẹ̀. Kó yáa fi ìwọ̀ yẹn pẹja. Nínú ẹgbẹ̀rún péso wọn, ọgọ́rùn-ún ni ti irin. Ìyókù, owó ojú Bagwis ni."

Ó wá ní, "Ta ló rọ ẹlẹ́ja yìí? Mo fẹ́ kí i." Mo tún ní mi ò mọ̀. Ó mirí, ó ní, "Ó mà ṣe o. Apá òsì ọkùnrin yẹn ò ní nírun."

Bàbá mi, ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Ọjọ́ tí ẹ mú mi wá síbí, kí a tó wọ géètì, mo ní kí ẹ fa apá ẹ̀wù yín wálẹ̀, mo ní òtútù mú. Òtútù kankan ò mú. Apá tí ẹ máa ń fá irun rẹ̀ láti fi dán gbogbo ọ̀bẹ wò kí ó tó kúrò nílé, òun ni mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí.

Láàárọ̀ yìí mo padà tọ Mang Usting lọ. Mo ní, "Bàbá mi ló rọ ọ́. Melchor Dimaculangan ni orúkọ wọn, ará Taal." Conrado wà nítòsí, ó gbọ́. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún wa?" Mang Usting ò bá mi wí. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ òsì sókè, ó nà án sí mi. Ó dán bí tiyín.

Ìdáhùn tí ó yẹ kí n ti fún yín nìyí: irin tiwọn kò dára ju tiyín lọ. Iṣẹ́ tiwọn kò tilẹ̀ dé ẹsẹ̀ tiyín. Ẹni tí ẹ rán níṣẹ́ ló kù díẹ̀ káàtó. Mi ò mọ̀ bóyá mo yẹ ní ilé-ìwé yìí, èmi tí mo wọn ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí mo sì pè é ní ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí àṣìṣe mi yọ ẹja yín. Ẹ dárí jì mí. Kọndọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì Lemery ni màá fún ní lẹ́tà yìí àti ọ̀bẹ méjèèjì, ó ṣèlérí pé wọn yóò dé ọ̀dọ̀ yín kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.

Kí Ọlọ́run máa fún apá yín lókun, kí iná àgbẹ̀dẹ yín má kú, kí ẹ̀yin àti Ìyá sì pẹ́ fún mi títí n ó fi mọ bí a ṣe ń ṣe ọmọ yín.

Èmi ni ọmọbìnrin yín, ọmọ alágbẹ̀dẹ Taal,
Perlita Dimaculangan.

Mo tún rántí: ẹ̀rọ náà dá ihò kékeré kan sára ọ̀bẹ yín, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja gan-an. Mo mọ̀ pé ẹ lè pọ́n ọn kúrò ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá délé nígbà Kérésìmesì, mo fẹ́ rí i.