Káfíńtà Agbowó Tí Ó Gbé Àga Rìn

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni a bí Bàbá wa sí, ní agboolé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, ní nǹkan bí ọdún 1886. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá wọn a máa sọ pé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n nígbà tí ìròyìn dé pé ogun Kírìjì ti parí. Àkànó gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá wọn, Bọ́láwùmí sì ni ìyá wọn. Àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ẹni tí gbogbo Agbowó mọ̀ sí Bàbá Ọlálẹ́yẹ. Ẹkún kò pọ̀ lójú wa lónìí. Ẹni tó lo ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin láyé, tí ọmọ rẹ̀ kankan kò ṣáájú rẹ̀ lọ, ọpẹ́ ló yẹ ẹ́.

Bàbá kò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ nígbà èwe, iṣẹ́ bàbá wọn ni wọ́n kọ́. Ní ọdún 1908 wọ́n ṣe ìrìbọmi ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n sì ti mọ Bíbélì Yorùbá kà. Wọn a máa ka Sáàmù sókè bí wọ́n bá ń fá pákó, débi pé oníbàárà tó bá wọlé lè gbọ́ ibi tí wọ́n ka Sáàmù dé kó tó rí ibi tí iṣẹ́ òun dé.

Ní ọdún 1912 wọ́n fẹ́ ìyá wa, Ọláníkẹ́. Àpótí aṣọ tí wọ́n kàn fún ìyàwó tóbi ju ẹnu ọ̀nà ìyẹ̀wù lọ, wọn kò sì wọn ọ̀nà kí wọ́n tó kàn án. Ìta ni àpótí náà wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí wọ́n fi fọ́ ògiri. Ìyá wa kò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Ní ọdún 1921 wọ́n jọ wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Dùgbẹ̀, nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè.

Ní ọdún 1952, nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì kó dé ibi tó wà títí di òní, iṣẹ́ pọ̀ lọ́hùn-ún fún káfíńtà. Bàbá kúrò ní Dùgbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé sí Agbowó. Ìgbà náà ni òyìnbó obìnrin kan ní kí wọ́n bá òun gbé àpótí ìwé sí abẹ́ fèrèsé. Bàbá gbọ́ “àpótí ìwé”, wọ́n gbọ́ “fèrèsé”, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín méjèèjì bọ́ mọ́ wọn létí. Wọ́n kan àpótí náà mọ́ ojú fèrèsé gan-an, wọ́n fi ìṣó gígùn dè é, wọ́n sì lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyáàfin náà fi ń tan àtùpà ní ọ̀sán gangan kó tó rí ògbufọ̀. Ojú ti Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa wọ́n ju ìtìjú lọ. Wọ́n ní gẹ̀ẹ́sì dà bí àga: pákó ńlá ni gbogbo ènìyàn ń wò, ìṣó kékeré ló mú un dúró.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Bàbá ní ọdún 1954, nígbà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Adéwùnmí ń ṣe láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní gbọ̀ngàn ìjọ wa. Ìyá wa bi wọ́n pé ṣé ayùn ni wọ́n fẹ́ máa bá sọ gẹ̀ẹ́sì ni. Bàbá dìde. Wọ́n gbé àga wọn lérí, nítorí bẹ́ǹṣì kíláàsì kò bá orúnkún wọn mu, wọ́n bá tiwọn lọ. Láwùmí, tí àbíkẹ́yìn wọn Olúrótìmí fẹ́ ní ọdún 1953, tẹ̀lé wọn.

Nínú kíláàsì yẹn, ohun tí o bá fẹnu sọ, ara rẹ gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹni tó bá ní òun wà “under the table” gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ tábìlì, ẹni tó bá ní òun ń bọ̀ “from the market” gbọ́dọ̀ jáde kó tún wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Adéwùnmí ní ọ̀rọ̀ kékeré náà kì í dá rìn, ó máa ń mú orúkọ nǹkan dání ni, àwọn méjèèjì á sì jọ sọ ibi tí nǹkan wà, tàbí ìgbà tó ṣẹlẹ̀, tàbí ohun tí a fi ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé wa di kíláàsì. Bí iṣu bá wà lórí iná, Bàbá á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á ní, “The yam is in the pot. The pot is on the fire.” Ìyá wa á ní kí wọ́n bu gẹ̀ẹ́sì jẹ nígbà náà. Wọ́n sọ fún ewúrẹ́ pàápàá pé ẹ̀yìn ilé ló wà. Bí wọ́n bá ṣì í, Láwùmí kò ní sọ pé wọ́n ṣì í. Á kúnlẹ̀, á béèrè bóyá báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́, á wá sọ èyí tó tọ́. Bàbá á ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn sọ ọ́.

Oṣù kẹta ọdún 1957 ni ọ̀rọ̀ di ńlá. Ilé ìwòsàn tuntun ń wá obìnrin tí yóò máa ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, Láwùmí sì ń fẹ́ iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Kò lè rí i gbà láìní ìwé ẹ̀rí pé gẹ̀ẹ́sì yé e, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún sì ni olùbẹ̀wò ń wá fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọdọ́mọkùnrin ni ẹni tó wá lọ́dún náà. Kò mọ ẹni tó jẹ́ àna ẹnì kankan nínú wa.

Ó ní kí Láwùmí fi ìwé sábẹ́ àga, Láwùmí fi í síbẹ̀. Ó ní kó mú ife kúrò lójú fèrèsé, ó mú un. Ó wá nawọ́ sí Bàbá tí wọ́n jókòó sórí àga wọn, ó ní kí Láwùmí lọ dúró níwájú bàbá arúgbó yẹn, kó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó yé Láwùmí yékéyéké. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wo ni yóò kọ ẹ̀yìn sí bàbá ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé? Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà. Olùbẹ̀wò tún un sọ, Láwùmí kò dìde. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, òfin ìdánwò ni. Olùbẹ̀wò ṣí gègé rẹ̀ láti kọ ọ́ pé gẹ̀ẹ́sì kò yé obìnrin yìí. Omi ti kún ojú Láwùmí.

Bàbá bá dìde. Wọ́n gbé àga wọn, wọ́n rọra rìn yí Láwùmí ká, wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì jókòó. Wọ́n sọ fún olùbẹ̀wò láìṣì ẹyọ kan, “My daughter is in front of me. I am on my chair, behind her. Please, sir, write it in your book.” Wọ́n wá yíjú sí ìyàwó wọn: “Láwùmí, dìde. Èmi ni mo rìn, ìwọ kò rú òfin kankan.”

Olùbẹ̀wò bi olùkọ́ léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá pẹ̀lú ṣòkòtò funfun nídìí. Ó fọwọ́ sí ìwé Láwùmí, ó sì fún Bàbá náà ní tiwọn. Bàbá kan tiwọn mọ́ ògiri pálọ̀. Láwùmí wọ iṣẹ́ lọ́dún náà, ó sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí di òní.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé Bàbá ló kan àga ìwàásù ìjọ wa, àwọn náà ló sì kan bẹ́ǹṣì ọgbọ̀n nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955 tí àwọn ọmọdé ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá sùn nínú Olúwa ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1959, lẹ́yìn tí wọ́n ti mu ẹ̀kọ tán. Wọ́n fi ìyá wa Ọláníkẹ́ sáyé lọ, àti àwọn ọmọ: Ọlálẹ́yẹ, Olúbùsọ́lá, Fọláwùmí àti Olúrótìmí, ọmọ-ọmọ mọ́kàndínlógún, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì.

Láwùmí náà ló ń ka ìtàn yìí sí etígbọ̀ọ́ yín. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, kò pe orúkọ Bàbá rí, nítorí ìyàwó kì í pe bàbá ọkọ lórúkọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ kò tíì fi gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá ti rò ó ṣáájú wa. Ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó lọ, wọ́n kó wa jọ, wọ́n ní Láwùmí ni kó ka ìtàn àwọn, kó sì fi orúkọ àwọn gan-an parí rẹ̀; bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá a wí, kí a sọ fún un pé àwọn fúnra àwọn ni àwọn ní kó pe orúkọ àwọn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá a wí.

Esekíẹ́lì Àjàgbé, ọmọ Àkànó, sùn re o.