Ayaba Tí Mo Dá Padà

Ẹ̀gbọ́n mi Nehemiah,

Ẹ kú òtútù Leeds, ẹ̀yin àti ìyàwó wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru Mọ́mì ti wálẹ̀.

Inú ń bí mi o! Bàbá Ọláfimíhàn tún nà mí nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ìsìn. Ẹ ní kí n máa wo ohun tí wọ́n ń wá kí n tó ta. Mo wò ó, mo pa ayaba wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa, dá a padà." Mo kúnlẹ̀, mo dá a padà. Ayaba yẹn náà ni wọ́n fi nà mí!

Lọ́jọ́ Ìsinmi, màá kúnlẹ̀ kí wọn ká tó jókòó, ṣùgbọ́n mi ò dá ayaba kankan padà mọ́. Olúwa á ṣọ́ yín. Ẹ tètè bá Dádì sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà ní ìmọ̀ràn yín láti òkè òkun ló bà mí jẹ́.

Àbúrò yín,
Jọmílójú