Verlene Tolliver Oakes (1934–2019): Akọ̀wé Ìkéde Òkú Tí Ó Kọ̀ Láti Pa Alààyè

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1934, lórí oko òwú kan lẹ́bàá Marvell ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ni a bí Màmá wa, Verlene Tolliver Oakes, fún Olóògbé Hosea Tolliver àti Olóògbé Luvenia Tolliver, ọmọ ilé Sykes. Àwọn ni ìkẹrin nínú ọmọ méje. Màmá kì í sọ púpọ̀ nípa oko náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń tẹnu mọ́ ni pé nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò bàbá wọn tó ń jẹ́ Amos jáde lọ ra iyọ̀, kò sì padà wálé mọ́. Ìwé ìròyìn ìlú náà kọ ọ́ pé ọkùnrin dúdú kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ kú sínú odò. Gbogbo ìlú ló mọ orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1946, ìdílé Tolliver wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú Dunmore ní Ohio. Ibẹ̀ ni Màmá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, tí wọ́n sì jáde ní ọdún 1952 pẹ̀lú ipò kejì nínú kíláàsì wọn. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ táípù débi pé wọn kì í wo ọwọ́ wọn mọ́. Ọdún 1947 ni Àlùfáà Ezra Pettiford, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Ìjọ Onítẹ̀bọmi Òkè Nébò nígbà náà, ṣe ìtẹ̀bọmi fún Màmá, ìjọ yìí kan náà ni wọ́n sì wà títí di ọjọ́ ikú wọn.

Ní ọdún 1957, Màmá fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Roscoe Oakes, òṣìṣẹ́ ilé ìyọ́rin, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ tó sì ń rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 1969, ilé ìwé ìròyìn Dunmore Sentinel gba Màmá sí iṣẹ́ akọ̀wé ìkéde òkú. Aláwọ̀ dúdú mìíràn kò sí nínú yàrá àwọn oníròyìn ibẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Màmá fi ń gba tẹ́lífóònù lọ́wọ́ àwọn ẹni tó ń sunkún, tí Màmá ń béèrè lọ́wọ́ wọn bí a ṣe ń kọ orúkọ olóògbé, tí Màmá sì ń dúró kí ẹni náà tún ohùn ṣe kó tó dáhùn. Wọn kò ṣi orúkọ ẹnikẹ́ni kọ rí.

A fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣọ̀fọ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1988 bí Màmá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ ọ lódì.

Ní ọdún náà, Sẹ́nétọ̀ Lemuel Broadnax, aláwọ̀ dúdú, ń díje fún ipò ààrẹ, ó sì máa wá sọ̀rọ̀ ní Dunmore lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, olóòtú Sentinel, Ọ̀gbẹ́ni Gordon Hasselbeck, fún Màmá ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù irin tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, kí wọ́n bá òun mú àwòrán kan wá. Màmá kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ yẹn rí.

Ìtàn ikú àwọn ènìyàn ńlá ìlú ló kún inú rẹ̀, èyí tí a kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ìyẹn kò ya Màmá lẹ́nu; gbogbo ilé ìwé ìròyìn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Ìparí àwọn ìtàn náà ni ọwọ́ wọn ti dúró. Gbogbo òyìnbó inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló kú lórí ibùsùn. Ọ̀kan sùn, kò jí mọ́. Ọ̀kan ṣàìsàn ráńpẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì yí i ká. Aláwọ̀ dúdú mẹ́fà ló wà níbẹ̀, kò sì sí ibùsùn fún ìkankan nínú wọn. Wọ́n yìnbọn pa agbẹjọ́rò. Wọ́n bá olùkọ́ nínú mọ́tò rẹ̀, tí gíláàsì ti fọ́ sí i lára. Ti Àlùfáà Pettiford kà báyìí pé wọ́n yìnbọn pa á ní òpópónà kan, àlàfo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ òpópónà náà.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni odindi ojú ìwé àkọ́kọ́ Sentinel kan wà, tí wọ́n ti tò tán fún títẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin, ló wà lókè rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni “ÌBỌN PA BROADNAX NÍ DUNMORE”. Wọ́n ti ṣe àwòrán Broadnax dúdú débi pé ojú àti eyín nìkan ló hàn.

Màmá gbé e lọ bá olóòtú.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí nìyí?”

“Oh, o ti rí i. Àwòrán tí mo rán ọ wà lábẹ́ ẹ̀.”

“Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ló wà lórí ẹ̀ o. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin yìí lórí rédíò láàárọ̀ yìí.”

“A kàn ń múra sílẹ̀ ni, Verlene. Ìwọ náà kúkú mọ bó ṣe máa ń rí fún wọn.”

“Fún àwọn wo?”

Ó fa ìwé mìíràn sọ́dọ̀, ó ń kà á.

“Àwọn olùdíje yòókù ńkọ́? Ibo ni tiwọn wà?”

“Tiwọn ò kánjú.”

“Tó bá wá wọlé ńkọ́? Ṣé ẹ ti to ojú ìwé yẹn náà?”

Ọ̀gbẹ́ni Hasselbeck rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè. “Ta ló máa ráyè ìyẹn?”

Màmá máa ń sọ fún wa pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni Hasselbeck, pé nígbà tí bàbá wa wà lórí àìsàn, òun ló gbé ọbẹ̀ adìẹ wá sílé. Èyí ló jẹ́ kí ẹ̀rù náà pọ̀. Kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ ikú ọkùnrin yẹn bí ẹni ń sọ pé òjò lè rọ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Màmá ká ojú ìwé náà sínú báàgì wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo. Bàbá wa kà á, wọn kò fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́.

“Ṣé wọ́n mọ nǹkan kan ni, Verlene, àbí wọ́n kàn ń dúró dè é?”

“Tí wọ́n bá ń dúró dè é báyìí, Roscoe, kí ni ìyàtọ̀?”

Lọ́jọ́rú, ní ìpàdé àdúrà, Màmá jókòó síwájú, wọ́n ń wo Àlùfáà Pettiford tó ń wàásù. Màmá sọ pé àwọn kò gbọ́ ìwàásù náà rárá. Ńṣe ni àwọn ń wo àyà ẹ̀wù rẹ̀, tí àwọn ń rò ó pé ibo ni àwọn tó kọ ìtàn ikú rẹ̀ rò pé ọta máa gbà wọlé. Nígbà tí ìpàdé parí, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Arábìnrin Verlene, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n ní mo jẹ́ nígbà tí mo kú?”

“Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, sà. Àlàfo ni.”

“Ah, a jẹ́ pé mo ṣì láyè díẹ̀.” Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó sì pa Bíbélì rẹ̀ dé. Òun ló pe akọ̀wé Broadnax, Omidan Corinne Battle, lórí tẹ́lífóònù.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Màmá fi ojú ìwé náà lé Omidan Battle lọ́wọ́ lẹ́yìn gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ irin. Omidan náà wò ó, ó sì ṣí báàgì rẹ̀. Irú rẹ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti ìlú mẹ́ta, pẹ̀lú àkọlé tó fẹ́ẹ̀ jọ ara wọn.

“Ẹ ṣeun, Mà,” ni ó wí. “Ìlú kẹrin rèé. Nílé àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyí, ó ti kú lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní oṣù méjì.”

“Ṣé ó mọ̀?”

“Ó mọ̀. Ó ní tí òun bá dúró sílé, ikú karùn-ún nìyẹn.”

Ní aago méjìlá ọ̀sán, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Sentinel kì í rán ju ayàwòrán kan lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Márùn-ún ló wá lọ́jọ́ náà. Broadnax sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko lórí iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́, àti àwọn ilé ìyọ́rin tó ń kú lọ. Oníròyìn kankan kò kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ẹnì kan láàárín èrò bá ti ọwọ́ bọ àpò, kódà láti mú áńkáṣíìfù, kámẹ́rà márààrún á gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá ní àwọn kà á tó ìgbà mẹ́tàdínlógún. Nígbà tó yá, èrò náà fura, wọ́n sì jókòó láìmira, ẹgbẹ̀rún ènìyàn pẹ̀lú ọwọ́ lórí orúnkún.

Broadnax parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó bọ Màmá lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì rin fún òógùn. “Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ gbé mi jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù,” ni ó wí. Lẹ́yìn wọn, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán wo aago rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, àwòrán olùdíje aláwọ̀ funfun kan tó ń pẹja ló gba iwájú Sentinel. Ojú ìwé kẹtàdínlógún ni Broadnax wà, ìlà mọ́kànlá péré. Ìròyìn náà ní èrò kò dá wàhálà sílẹ̀.

Màmá mú rúlà, wọ́n wọn ìròyìn ọgọ́ta ọjọ́ nínú Sentinel. Nínú gbogbo ìlà mẹ́wàá tí wọ́n kọ nípa Broadnax, mẹ́fà ló dá lórí bóyá wọn óò pa á tàbí bóyá òyìnbó lè dìbò fún un, mẹ́ta dá lórí bí ohùn rẹ̀ ṣe le tó. Ohun tó wá sọ kò ju ìlà kan lọ. Wọ́n kó èyí, pẹ̀lú ohun tí wọ́n rí nínú kọ́bọ́ọ̀dù, fún Àtùpà, ìwé ìròyìn àwa aláwọ̀ dúdú tó ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó jáde ṣáájú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ òṣèlú Broadnax ní Ohio. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Sentinel lé Màmá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Broadnax ṣe ipò kejì ní Ohio, kò sì di ààrẹ. Àlùfáà Pettiford ka ìtàn ikú ara rẹ̀ tí Àtùpà tẹ̀ jáde sókè láti orí àga ìwàásù ní Òkè Nébò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó gbé ayé títí di ọdún 2001, ó sì kú lórí ibùsùn rẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Láti ọdún 1988 náà, Màmá ṣiṣẹ́ ní Àtùpà fún ọdún mẹ́tàlélógún, wọ́n sì di olóòtú rẹ̀. Wọ́n máa ń lọ bá àwọn àgbà nílé kí àwọn àgbà náà fi ẹnu ara wọn sọ ìtàn ayé wọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn òǹkàwé sílẹ̀ nínú ìjọ, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi rúlà wọn ìwé ìròyìn lóṣooṣù.

Ohun kan wà tí ìdílé kò sọ síta rí. Láti oṣù tí wọ́n lé Màmá, tẹ́lífóònù ilé a máa dún ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ohùn jẹ́jẹ́ kan á béèrè pé, “Ṣé Verlene Oakes ṣì wà láàyè?” Màmá á dáhùn pé, “Ó wà láàyè o, ó ń lọ aṣọ lọ́wọ́,” ẹni náà á dúpẹ́, á sì gbé e sílẹ̀. Bàbá wa fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà. Màmá kọ̀. “Jẹ́ kí wọ́n máa béèrè, Roscoe. Ó sàn ju kí wọ́n má béèrè lọ.” Sentinel kógbá sílé ní ọdún 2009. Ìpè náà kò dúró títí di ọdún 2011, a kò sì mọ ẹni tó ń pè títí di òní.

Bàbá wa, Roscoe Oakes, ti ṣáájú lọ ní ọdún 2006. Màmá fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: Delphine Oakes Rayburn, Hosea Oakes, àti Ramona Oakes, àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, ọmọ-ọmọ-ọmọ márùn-ún, àbúrò kan, Arábìnrin Ottilie Tolliver ti Dunmore, àti gbogbo ìjọ Òkè Nébò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2019, Màmá jókòó níwájú ilé, wọ́n ń bó ẹ̀wà tútù, Ramona sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní oòrùn dára. Wọ́n gbé orí lé ẹ̀yìn àga, ọwọ́ wọn sì dúró. Ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Kò sí ẹni tó kọ ikú yìí sílẹ̀ ṣáájú.

Màmá, ẹ máa sinmi. Kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára yín, kí ẹni tí ẹ bá pàdé níbẹ̀ pe orúkọ yín péye. Ẹ sùn re o, ọmọ Tolliver.