Ọwọ́ Ìyàwó Mi Nínú Fọ́tò

Olóòtú, mo kí yín o, mo kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ètò yín. Mi ò kàwé, aládùúgbò mi ló ń bá mi kọ èyí. Ẹ má dárúkọ mi.

Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ di ayàwòrán ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Bàbá, ọ̀gá mi ní tí ẹkún bá dé, ká kọ́kọ́ ya fọ́tò, ká tó sunkún." Mo ní, "Ṣé ọ̀gá yẹn ló bí ọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, ẹnu ọ̀nà ni mo wà tí mo rí ìyàwó mi lórí ibùsùn àìsàn, tó na ọwọ́ sí ife omi orí tábìlì. Kámẹ́rà ti bo ojú ọmọ mi, ó ń ya ọwọ́ náà ní fọ́tò, kò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń fẹ́. Èmi ni mo sáré gbé omi náà, àmọ́ ọ̀fun rẹ̀ ò gbé e mì mọ́.

Ní báyìí, ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ gbé fọ́tò yẹn kọ́ níbi àfihàn fọ́tò tí àwọn èèyàn á wá wò. Ó ní ṣe ni ìyá ń juwọ́ ó dàbọ̀ sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ mi gbà á gbọ́, ohun tó sì ń tù ú nínú nìyẹn.

Tí mo bá sọ òótọ́, mo ti pa á. Tí mo bá sì dákẹ́, àlejò á máa pàtẹ́wọ́ fún òùngbẹ ìyàwó mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, kí ni kí n ṣe?