Adájọ́ Tó Jọ Ọ̀gá Wa

                                        Ilé onílẹ̀kùn pupa,
                                        Ẹ̀yìn ọgbà ilé-ìwé,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, aránṣọ tí aṣọ rẹ̀ kì í tú,

Mo kí ọ o, mo tún ọ kí. Ara ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń gbọ́ òògùn? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń han-anrun? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó jogún ẹnu rẹ? Ní tiwa níbí, ọpẹ́ ló yẹ Ọlọ́run. Màmá wà dáadáa. Wọ́n ṣì ń bá gbogbo ará ilé jà láràárọ̀, ìyẹn la fi mọ̀ pé ara wọn le.

Má bínú pé ó pẹ́ tí mo ti kọ̀wé sí ọ kẹ́yìn. Wàhálà kan ló bá mi níbi iṣẹ́ lóṣù tó kọjá, mi ò sì fẹ́ fi ẹkún ránṣẹ́ sí ọ. Ní báyìí tó ti di ẹ̀rín, jẹ́ kí n rò ó fún ọ.

O mọ̀ pé kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́. Àwọn ọmọ náà gbọ́ràn, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ àròkọ, bí ẹni pé ọwọ́ kan náà ló ń kọ ọ́ fún gbogbo wọn. Tí mo bá ní kí wọ́n kọ nípa ìyá wọn, wọ́n á kọ pé, "Mo ní ìyá kan. Ìyá mi ní orí kan. Ó ní ojú méjì." Tí mo bá ní kí wọ́n kọ nípa ajá, ajá náà á ní orí kan àti ojú méjì. Ọmọ kan kọ nípa ilé wọn, ilé ọ̀hún náà ní ojú méjì. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ka ìwé wọn, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ níparí oṣù, tó bá lọ bá ojú méjì yẹn nínú ìwé àwọn ọmọ, àwọn á gba kíláàsì kẹrin lọ́wọ́ mi, kí n lọ máa nu imú fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

O ti rí ọ̀gá wa rí, ìgbà tó o wá kí mi. Èèyàn tí kì í rẹ́rìn-ín ni wọ́n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún bí ẹni tó fa omi sẹ́nu, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì a sì máa fún wọn débi pé ojú wọn á fẹ́ yọ síta. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ òsì lé ikùn, bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo ronú, orí fẹ́ fọ́ mi. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló wá sọ fún mi pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń yá àwọn olùkọ́ ní ẹ̀dà àwọn àwòrán tó wà lára ògiri wọn. Mo gba ibẹ̀ lọ. Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn àwòrán náà gbà mí tọwọ́-tẹsẹ̀. Ó ní kí n má sọ ìtàn kankan fún àwọn ọmọ. Kí n ṣáà gbé àwòrán kọ́, kí n béèrè ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Tí wọ́n bá dáhùn, kí n bi wọ́n pé kí ló mú kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ó ká àwòrán méjì sínú páálí gígùn fún mi: obìnrin kan tó jókòó sídìí fèrèsé, àti adájọ́ ayé àtijọ́ kan. Kíkánjú ni mo kánjú, mi ò tú u wò kí n tó gbé e lọ.

Obìnrin ìdí fèrèsé la fi bẹ̀rẹ̀. Mo béèrè ohun tí wọ́n rí. Ọmọ kan ní obìnrin náà ń retí ẹnì kan. Mo ní kí ló mú kó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní tíì inú ife rẹ̀ ti tutù, kò rú èéfín mọ́, kò sì tíì fẹnu kàn án. Òmíràn ní irọ́ ni, pé kò retí ẹnikẹ́ni, ilé aládùúgbò ló ń yọjú wò, torí bí àǹtí òun náà ṣe máa ń fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn. Kí aago tó lù, wọ́n ti ń bínú síra wọn nítorí obìnrin tí wọn ò mọ̀ rí. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n kọ ọ́ kún ojú ìwé, mi ò rí orí kan tàbí ojú méjì níbẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ tí alábẹ̀wò máa wá, mo ní kí n lo àwòrán kejì, kó má baà rò pé wọ́n ti há a sórí ni. Mo gun àga, mo kan adájọ́ mọ́ òkè pátákó, mo sọ̀kalẹ̀, mo gbójú sókè. Ọ̀gá wa ni mo rí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìyẹn, ojú nìyẹn, ọrùn aṣọ tó fún pinpin nìyẹn, ọwọ́ òsì sì rèé lórí ikùn. Irun funfun tí àwọn adájọ́ máa ń dé nìkan ló fi jù wọ́n lọ.

Kí n tó gun àga padà láti já a, ọmọbìnrin kan tí a ń pè ní Rédíò, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ti dìde.

"Olùkọ́, ọ̀gá la rí."

"Kí ló mú kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

Àṣà ti mọ́ mi lẹ́nu, ẹyin sì lohùn. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, láti orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé orí ikùn, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ó tó, kí wọ́n kọ ohun tí ẹni náà ń rò lọ́kàn, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ "ọ̀gá", "ọkùnrin yìí" ni kí wọ́n kọ. Mo rò pé mo gbọ́n.

Wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá ló wọlé, pẹ̀lú alábẹ̀wò, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò ojú. Ọ̀gá lọ tààrà síwájú, wọ́n kẹ̀yìn sí pátákó, abẹ́ àwòrán gan-an. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì lé ikùn, wọ́n ní, "Kíláàsì kẹrin nìyí." Alábẹ̀wò wò wọ́n, ó wòkè, ó tún wò wọ́n. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Kò sí ọmọ tó rẹ́rìn-ín sókè, ṣùgbọ́n gbogbo bẹ́ńṣì ló ń gbọ̀n.

Alábẹ̀wò ní kí ẹnì kan ka tirẹ̀. Ọwọ́ Rédíò ti wà lókè tẹ́lẹ̀.

"Ọkùnrin yìí kì í ṣe òǹrorò," ó kà á jáde ketekete. "Aṣọ ló ń fún un lọ́rùn. Ó máa ń wù ú kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rò pé tí òun bá rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni ò ní bẹ̀rù òun mọ́. Tí gbogbo èèyàn bá ti lọ sílé, ó máa ń tú bọ́tìnnì òkè, á wá mí kanlẹ̀."

"Ta ni ọkùnrin náà?" ọ̀gá béèrè.

"Òun nìyẹn, sà," Rédíò nàka sókè.

Ọ̀gá yíjú padà. Wọ́n wò ó títí. Mo wá ihò tí mo lè wọ̀, mi ò rí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n mú ọwọ́ kúrò lórí ikùn, wọ́n gbé e sẹ́yìn. Alábẹ̀wò ní ó pẹ́ tí òun ti gbọ́ irú àròkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ kíláàsì kẹrin, ó sì ka ìwé àwọn tó kù. Èmi ò gbọ́ ohun tó sọ mọ́, imú ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mò ń rí.

Nígbà tí ilé-ìwé parí, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Mo ti kó ife mi àti bàtà tí mo máa ń pààrọ̀ sínú àpò kí n tó lọ. Mo bá ọ̀gá lójú fèrèsé. Bọ́tìnnì òkè wọn ṣí sílẹ̀.

"Olùkọ́, ta ló sọ fún ọmọ yẹn pé mo máa ń tú bọ́tìnnì?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un, sà. Ara àwòrán ló ti rí i."

Wọ́n mi orí. "Mo rò pé mo máa ń ti ilẹ̀kùn," wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ pé mo ní ọ̀rẹ́ kan tó lè bá wọn dẹ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, mo yáa gbé e mì. Wọ́n ní kí n máa bá kíláàsì kẹrin mi lọ, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí ojúlówó àwòrán náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a tò lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní méjì-méjì, ọ̀gá ló ṣáájú. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń tòògbé lórí àga. Ó lajú, ó rí ọ̀gá, ó fò dìde, ó rọra béèrè bóyá wọ́n wá gbé ẹbí wọn lọ sílé ni.

"Rárá o," ọ̀gá dá a lóhùn. "A kàn ní ká wá kí wọn ni."

A dé iwájú adájọ́. Ojúlówó rẹ̀ ga ju ilẹ̀kùn lọ. O sì mọ ọmọ ilé-ìwé: tí irú ojú yẹn bá wà níwájú wọn, ara wọn ti mọ ohun tó kàn. Gbogbo wọn dúró ṣánṣán, wọ́n pa ohùn pọ̀: "Ẹ káàárọ̀, sà."

Kí ọ̀gá tó rò ó, ẹnu wọn ti dáhùn: "Ẹ káàárọ̀. Ẹ jókòó."

Ni gbogbo kíláàsì bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi náà jókòó. Ẹ̀ṣọ́ tó tẹ̀ lé wa wọlé náà jókòó. Ó wá ku ọ̀gá àti adájọ́, wọ́n ń wo ara wọn. Èjìká ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni. Ó kọ́kọ́ dún bí ikọ́, lẹ́yìn náà ó là gbàù láàárín ilé ńlá yẹn. Ẹ̀rín ni o. Wọ́n rín in títí ẹsẹ̀ wọn ò fi gbà wọ́n mọ́, àwọn náà sì wá jókòó tì wá sílẹ̀.

Bá mi kí baálé rẹ, kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ náà. Màmá ní kí n kí ọ, wọ́n tún ní kí n bá ọ jà pé o ò wá. Má jẹ́ kó pẹ́ kí n tó gbúròó rẹ.

                                        Tìrẹ lèmi í ṣe, lẹ́rìn-ín lẹ́kún,
                                        Olùkọ́ Ẹlẹ́rìn-ín.